Ta Ni Olójúkòkòrò nínú Mahabharata?

Àwọn àgbà a máa wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú Mahabharata, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ewì ìtàn akọni méjì tí àwọn ará Íńdíà fi ń yangàn, ọjà kan wà tí àwọn àgbà pé sí pitimu, tí orí ọmọ sì wọ́ lójú gbogbo wọn. Ọjà náà ni gbọ̀ngàn tẹ́tẹ́ ìlú Hastinapura. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ìwé náà ní í sọ nípa ojúkòkòrò àti ìgbéraga, inú gbọ̀ngàn yìí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yà sí, kí ó wo àwọn tí ó jókòó níbẹ̀, kí ó sì kíyè sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó panu mọ́.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ń ka ìtàn náà kì í sábà gbé wọn dé ibẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́, bí a bá ti ka ìtàn kan tán, ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, "Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ni?" Ìdáhùn kì í sì í pẹ́ jáde. Ní ti Mahabharata, a ó ní Duryodhana ni olójúkòkòrò, òun náà ni agbéraga. A ó ní olódodo ni Yudhishthira àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rin. A ó ní Ọlọ́run fi ìṣẹ́gun fún olódodo, olójúkòkòrò sì ṣègbé. Ìdáhùn yìí kì í ṣe irọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó kéré sí ìwé náà, ó sì ń mú kí òǹkàwé jáde kúrò nínú ìtàn bí ó ti ṣe wọlé síbẹ̀, láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ kankan kàn án. Bí a bá fara balẹ̀ ka ìwé náà, a ó rí i pé kò sí ẹnì kan pàtàkì nínú rẹ̀ tí ojúkòkòrò tàbí ìgbéraga kò fi ọwọ́ bà. Ohun tí ó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe.

Ó dára kí a kọ́kọ́ sọ bí ìwé náà ti rí. Vyasa ni àwọn Híńdù ń pè ní ẹni tí ó kó o jọ, nínú ìtàn náà gan-an sì ni Vyasa ti jẹ́ bàbá-bàbá àwọn ọmọ ọba tí ó ń bá ara wọn jà. Ìwé méjìdínlógún ni ó pín sí, a sì máa ń ka iye ẹsẹ rẹ̀ sí 100,000. Nítorí pé ẹ̀dà àfọwọ́kọ rẹ̀ pọ̀ káàkiri Íńdíà, tí wọn kò sì bára mu, àwọn ọ̀mọ̀wé Ilé Ìwádìí Bhandarkar ní ìlú Pune bẹ̀rẹ̀ ní 1919 sí í fi àwọn ẹ̀dà náà wé ara wọn, kí wọn lè mọ èyí tí ó pẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ ìwé náà. V. S. Sukthankar di olóòtú àgbà iṣẹ́ náà ní 1925, ó sì wà nídìí rẹ̀ títí ó fi kú ní 1943. Ní 1966 ni iṣẹ́ náà tó parí. Ẹ̀dà Pune yìí wúlò gidigidi fún ẹni tí ó bá fẹ́ ya ohun tí ìwé sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí àwọn apìtàn ìkẹyìn fi kún un, a ó sì rí àǹfààní rẹ̀ láìpẹ́.

Ìdí ìjà náà kò ṣòro láti sọ. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni Dhritarashtra àti Pandu. Ojú Dhritarashtra tí í ṣe ẹ̀gbọ́n fọ́, nítorí náà Pandu ni ó jọba. Nígbà tí Pandu kú, ọmọ márùn-ún ni ó fi sílẹ̀: Yudhishthira, Bhima, Arjuna, Nakula àti Sahadeva. Dhritarashtra ní ọgọ́rùn-ún ọmọkùnrin, Duryodhana sì ni àgbà wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ ìyá wọ̀nyí kò lè gbé pọ̀ mọ́, a pín ilẹ̀ fún wọn. Igbó ni a fún àwọn ọmọ Pandu. Wọ́n ṣán igbó náà, wọ́n sì tẹ ìlú Indraprastha dó síbẹ̀. Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, ilẹ̀ baba kan náà ni wọ́n sì ń pín. Ẹni tí ó bá ti rí ìjà ogún rí kò nílò kí a tún ṣe àlàyé.

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Ramayana, ìkejì ewì akọni Íńdíà, ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ òǹkàwé láti máa wá ẹni rere sí apá kan àti ẹni ibi sí apá kejì. Nínú Ramayana, ìgbéraga ní orúkọ kan, ó sì ní ìlú kan: Ravana, ọba Lanka. Nígbà tí Ravana ń tọrọ ẹ̀bùn lọ́wọ́ Brahma, ó ní kí àwọn òrìṣà má lè pa òun, kí àwọn iwin àti ẹbọra má lè pa òun. Ó ka gbogbo alágbára, ṣùgbọ́n kò ka ènìyàn mọ́ wọn, nítorí pé ènìyàn kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Inú ìran tí ó fojú tẹ́ńbẹ́lú yìí ni a bí Rama sí, Rama ni ó sì pa á. Vibhishana, àbúrò Ravana, ti gbà á nímọ̀ràn pé kí ó dá Sita, aya Rama tí ó jí gbé, padà. Ravana kẹ́gàn rẹ̀, Vibhishana sì lọ bá Rama. Ààlà tí ó wà láàrin rere àti búburú hàn kedere níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé aṣọ tí a rán fún Ramayana wọ Mahabharata yóò rí i pé kò gbà á lára.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Duryodhana, ẹni tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó jẹ̀bi. Nígbà tí Yudhishthira ṣe ẹbọ ńlá tí ó fi di olórí àwọn ọba, Duryodhana ni a fi ṣe ẹni tí yóò máa gba ẹ̀bùn tí àwọn ọba ń mú wá. Ó gbà á títí ọwọ́ rẹ̀ fi rẹ̀. Nígbà tí ó padà sílé, ara rẹ̀ funfun, kò lè jẹun, kò sì lè sùn. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun wọ inú iná tàbí kí òun mu májèlé ju kí òun máa wo ọlá arákùnrin òun lọ. Baba rẹ̀ bi í léèrè ohun tí ó kù fún un: ṣé aṣọ dáradára ni kò ní ni, tàbí oúnjẹ aládùn, tàbí ẹṣin rere? Duryodhana kò lè sọ ohun kan tí kò ní. Ibi tí ìwé náà ti mọ ojúkòkòrò dájú nìyí. Ebi kò pa Duryodhana, òṣì kò ta á. Ohun tí arákùnrin rẹ̀ ní ni kò jẹ́ kí ohun tí òun ní dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààfin Indraprastha tún wà níbẹ̀. Maya, àgbà oníṣẹ́-ọnà, ti fi òkúta tí ó mọ́ gaara ṣe ilẹ̀ ààfin náà lọ́ṣọ̀ọ́. Duryodhana rí ilẹ̀, ó rò pé omi ni, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè. Ó rí omi, ó rò pé ilẹ̀ ni, ó já sínú rẹ̀ tòun taṣọ. Àwọn tí ó rí i sì rẹ́rìn-ín. Àwọn apìtàn ìkẹyìn, àti fíìmù orí tẹlifíṣọ̀n tí a ṣe ní Íńdíà láàrin 1988 sí 1990, fi ọ̀rọ̀ sí Draupadi, aya àwọn ọmọ Pandu, lẹ́nu, pé ọmọ afọ́jú náà fọ́jú. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ó fi dà bí ẹni pé ahọ́n obìnrin kan ni ó dá ogun sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ẹ̀dà Pune. Nígbà tí ẹni tí ń pìtàn fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn ìránṣẹ́ àti Bhima, Arjuna àti àwọn ìbejì ni ó ní wọ́n rẹ́rìn-ín, kò dárúkọ Draupadi. Ìgbà tí Duryodhana wá ń rojọ́ fún baba rẹ̀ ni ó tó sọ pé Draupadi pẹ̀lú rẹ́rìn-ín. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ṣe pàtàkì. Ó fi hàn wá bí ẹni tí inú ń bí ti máa ń rò kún ẹjọ́ rẹ̀, ó sì fi hàn pé kí omi tó gbá Duryodhana mú ni ìlara ti wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ìwé náà kò gbe àwọn tí ó rẹ́rìn-ín. Onílé tí ó ń fi àlejò ṣẹ̀sín nínú ààfin tuntun, tí àlejò náà sì jẹ́ arákùnrin rẹ̀, kò ṣàì ní ìgbéraga tirẹ̀ lọ́wọ́.

Láti ibi ẹ̀rín yìí ni ọ̀rọ̀ ti dé gbọ̀ngàn tẹ́tẹ́. Shakuni, arákùnrin ìyá Duryodhana, ọ̀gá nínú tẹ́tẹ́ títa, ni ó dá ìmọ̀ràn náà. Dhritarashtra ni ó fi ọwọ́ sí i, òun ni ó kọ́ gbọ̀ngàn, òun náà ni ó ránṣẹ́ pe Yudhishthira. Yudhishthira ta, ó pàdánù ìlẹ̀kẹ̀ àti wúrà. Ó ta, ó pàdánù erin, ẹṣin, màlúù àti ilẹ̀. Ó fi àwọn àbúrò rẹ̀ dógò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pàdánù wọn. Ó fi ara rẹ̀ dógò, ó pàdánù. Lẹ́yìn náà ni ó fi Draupadi dógò. Nígbà tí ó dárúkọ obìnrin náà, àwọn àgbà pariwo ìtìjú. Òógùn bo Bhishma, Drona àti Kripa. Vidura fi ọwọ́ mú orí. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò lè pa ìdùnnú rẹ̀ mọ́ra. Dhritarashtra ni, ó sì ń bèèrè léraléra pé, "Ṣé ó ti jẹ ẹ́? Ṣé ó ti jẹ ẹ́?"

Kò sí ibòmíràn nínú ìwé náà tí ojúkòkòrò ti fi ojú hàn tó báyìí. Títí di àkókò yìí, bí bàbá arúgbó tí ọmọ ń ti síwá sẹ́yìn ni Dhritarashtra ń ṣe. Ó ń gbọ́ ìmọ̀ràn Vidura àbúrò rẹ̀, ó sì ń gbà pé òtítọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ yóò sì sọ nígbà tí ó yá pé gbogbo ìgbà ni òun ń pinnu láti ṣe rere sí àwọn ọmọ Pandu, ṣùgbọ́n bí òun bá ti dé ọ̀dọ̀ Duryodhana, ìpinnu náà a yí padà. Ìbéèrè tí ó béèrè ní gbọ̀ngàn tú àṣírí náà. Ojú rẹ̀ fọ́, ojúkòkòrò rẹ̀ kò fọ́. Ohun tí ọmọ ń fẹ́ ní gbangba ni baba ti ń fẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, ìfẹ́ ọmọ sì ni agbádá tí baba fi bò ó. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ti Dhritarashtra burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé òun àti ọmọ ni wọ́n jọ na ilé náà lọ́jà.

Ní ti Yudhishthira ńkọ́? Ìdáhùn tí a máa ń fún un ni pé ọba ni, pé òfin àwọn jagunjagun kò sì gbà á láyè láti kọ ìpè. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti di ará igbó, tí Bhima ń bá a wí kíkan, Yudhishthira jẹ́wọ́ ohun mìíràn: ó ní nígbà tí òun mú ọmọ tẹ́tẹ́ lọ́wọ́, ìjọba àti ilẹ̀ ọmọ Dhritarashtra ni òun fẹ́ gbà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, òǹkàwé tí ó bá ń sáré lè fò ó kọjá. Bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó sọ gbogbo ìtàn náà di ọ̀tun. Ẹni tí a ń pè ní ọmọ Òdodo wọ gbọ̀ngàn pẹ̀lú èrò kan náà tí ó wà lọ́kàn Duryodhana. Ohun tí ó yà wọ́n ní ọjọ́ náà ni pé ẹnì kan mọ tẹ́tẹ́ ta, ẹnì kejì kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Duhshasana wọ́ Draupadi ní irun wọ gbọ̀ngàn, obìnrin náà kò bẹ̀bẹ̀. Ó béèrè ìbéèrè. Ó ní kí àwọn tí ó mọ òfin sọ fún òun: ṣé ara rẹ̀ ni ọkọ òun kọ́kọ́ pàdánù ni, àbí òun? Bí ó bá jẹ́ pé ó ti di ẹrú kí ó tó fi òun dógò, ta ni ó fún ẹrú láṣẹ láti fi ènìyàn dógò? Bhishma, bàbá àgbà gbogbo wọn, dáhùn pé ọ̀nà òdodo jinlẹ̀, pé òun kò lè já ọ̀rọ̀ náà. Drona dákẹ́. Kripa dákẹ́. Vikarna, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò Duryodhana, ni ó dìde láàrin wọn, tí ó sì wí pé a kò jẹ Draupadi. Karna bá a wí pé ọmọdé ni, pé kí ó yé sọ̀rọ̀ àgbà. Kí òǹkàwé kíyè sí i pé láti inú ilé Duryodhana gan-an ni ohùn òdodo yìí ti jáde, láti ẹnu ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré.

Kí ni ó di àwọn àgbà lẹ́nu? Ìwé náà kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí ogun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ó tó sọ ọ́, nígbà tí Yudhishthira bọ́ ìhámọ́ra rẹ̀ sílẹ̀, tí ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí àárín àwọn ọ̀tá láti lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ Bhishma, Drona, Kripa àti Shalya kí ó tó bá wọn jà. Ìdáhùn kan náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un: wọ́n ní ẹrú ọrọ̀ ni ènìyàn, ọrọ̀ kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, àti pé ọrọ̀ àwọn ọmọ Dhritarashtra ni ó so àwọn mọ́lẹ̀. Ẹnu tí ó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Bhishma tí ó ti fi ìjọba baba rẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà èwe, tí ó ti búra pé òun kò ní fẹ́ ìyàwó láéláé, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni tí kò fẹ́ nǹkan kan, jẹ́wọ́ pé oúnjẹ ni ó mú òun. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí ó dùbúlẹ̀ lórí ọfà tí ó gún gbogbo ara rẹ̀, Yudhishthira bi í léèrè ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti ń wá, ó sì dáhùn pé ojúkòkòrò ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà péye, ẹni tí ó sì ń kọ́ni ní i mọ̀ ọ́n láti inú ìyà ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Drona yẹ kí ó kan àwọn olùkọ́ ní pàtàkì, nítorí pé olùkọ́ ni òun náà. Òun àti Drupada jọ ṣe ọmọdé. Nígbà tí Drupada di ọba, Drona tí òṣì ń ta lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ọ̀rẹ́. Ọba náà ní ọlọ́rọ̀ kì í bá tálákà ṣọ̀rẹ́. Ìgbéraga ọba kan bí ìgbéraga olùkọ́. Ẹ̀kọ́ ogun tí Drona kọ́ àwọn ọmọ ọba, ó gba owó rẹ̀ nípa pé kí wọn lọ mú Drupada wá fún òun ní dídè. Ó sì gba ìdajì ilẹ̀ rẹ̀. Ti Ekalavya burú ju èyí lọ. Ọmọ olórí àwọn ará igbó ni, Drona kò gbà láti kọ́ ọ. Ọmọ náà fi amọ̀ mọ ère Drona, ó ń ta ọfà níwájú rẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n ta ju Arjuna lọ. Nítorí pé Drona ti ṣèlérí fún Arjuna pé kò ní sí ẹni tí yóò ta á yọ, ó béèrè àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún Ekalavya gẹ́gẹ́ bí owó ẹ̀kọ́. Ọmọ náà gé e fún un. Inú Arjuna sì dùn. Ìwé náà sọ èyí láìfi ọ̀rọ̀ pọ̀, kò sì pè é ní ìwà rere.

Nígbà tí ọdún mẹ́tàlá tí a fi lé àwọn ọmọ Pandu kúrò nílùú pé, Yudhishthira ní bí Duryodhana bá fún àwọn ní abúlé márùn-ún péré, ìjà parí. Duryodhana ní òun kò ní fún wọn ní ilẹ̀ tí ó tó ẹnu abẹ́rẹ́ gún. Ogun náà gba ọjọ́ méjìdínlógún. Nínú gbogbo ọmọ ogun tí ó tẹ̀ lé Duryodhana, jagunjagun mẹ́ta ni ó kù: Ashwatthama, Kripa àti Kritavarma. Nínú wọn, Ashwatthama ni ó wọ àgọ́ àwọn ọmọ Pandu lóru, tí ó sì pa ọmọ Draupadi márààrún. Abúlé márùn-ún ni a bèèrè, ọmọ márùn-ún ni ó lọ sí i níkẹyìn, láìka àìmọye àwọn yòókù.

Ẹnì kan lè wí pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàrin Duryodhana àti Yudhishthira mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni Krishna, tí àwọn Híńdù ń sìn bí Ọlọ́run, gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ Pandu. Nínú orí kẹrìndínlógún Bhagavad Gita, tí í ṣe apá kan Mahabharata, Krishna ka ojúkòkòrò mọ́ àwọn ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tí ó lọ sí ìparun, pẹ̀lú ìfẹ́kúùfẹ́ àti ìbínú, ó sì ṣàpèjúwe ẹni tí ń ka ohun tí òun ti ní àti ohun tí òun yóò tún ní, bí ẹni pé Duryodhana ni ó ń wò. Àtakò yìí lágbára. Ìyàtọ̀ wà láàrin àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí níbi tí a máa ń wá a sí. Àwọn méjèèjì ni ó ṣojúkòkòrò. Ọ̀kan gbọ́ ìbáwí, ó jẹ́wọ́, ó sì bẹ̀rù ara rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Èkejì kò gbọ́ ti baba, kò gbọ́ ti ìyá rẹ̀ Gandhari, kò gbọ́ ti Vidura, kò sì gbọ́ ti Krishna nígbà tí ó wá ṣe ikọ̀ àlàáfíà. Ibi tí ojúkòkòrò àti ìgbéraga ti so mọ́ ara wọn nìyí. Ojúkòkòrò ni ó mú ènìyàn ṣìnà. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí ó padà.

Ìwé náà kò sì jẹ́ kí àwọn tí ó ṣẹ́gun sinmi lé ìṣẹ́gun wọn. Lẹ́yìn ogun, Yudhishthira fi ẹṣin ṣe ẹbọ ńlá, ó fi wúrà tọrẹ títí ẹnu fi ya ayé. Ẹranko kékeré kan, irú èyí tí í máa pa ejò, jáde láti inú ihò. Ìdajì ara rẹ̀ jẹ́ wúrà. Ó ní gbogbo ẹbọ yìí kò tó ìyẹ̀fun ọkà bálì díẹ̀ tí àlùfáà òtòṣì kan àti ará ilé rẹ̀ fún àlejò ní ìgbà ìyàn. Òun ti yí nínú èyí tí ó ṣẹ́ kù sílẹ̀ nínú ìyẹ̀fun náà, ìdajì ara òun sì di wúrà. Láti ìgbà náà ni òun ti ń lọ láti ibi ẹbọ dé ibi ẹbọ, bóyá ìdajì kejì yóò di wúrà. Kò dà bẹ́ẹ̀ níbi ẹbọ Yudhishthira. Ìgbéraga tí ó wọ aṣọ ọrẹ àánú ni ẹranko náà wá bá wí.

Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, àwọn ọmọ Pandu àti Draupadi fi ìjọba sílẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ gun òkè Himalaya, ajá kan sì ń tẹ̀ lé wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣubú, Yudhishthira sì ń sọ ìdí rẹ̀. Draupadi fẹ́ràn Arjuna ju àwọn yòókù lọ. Sahadeva rò pé kò sí ẹni tí ó gbọ́n tó òun. Nákula náà rò bẹ́ẹ̀ nípa ẹwà rẹ̀. Arjuna ti fọ́nnu pé ọjọ́ kan ni òun yóò fi pa gbogbo ọ̀tá. Bhima jẹ àjẹjù, ó sì ń fi agbára rẹ̀ yangàn. Mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún tí ó ṣubú, ìgbéraga ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ wọn; akọni ìwé náà ni gbogbo wọn, kì í ṣe ọ̀tá. Nígbà tí Yudhishthira nìkan dé ọ̀run, ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ni Duryodhana, lórí ìtẹ́, nínú ògo, nítorí pé ó kú ikú jagunjagun. Inú bí i. A sì mú un lọ sí ibi tí ó ṣókùnkùn, tí ó ń rùn, níbi tí àwọn àbúrò rẹ̀ ti ń ké. Òun pẹ̀lú ní láti fi ojú rí ọ̀run àpáàdì, nítorí ìdajì irọ́ tí ó fi pa Drona lójú ogun nípa ikú Ashwatthama. Ẹ̀yìn ìgbà tí ó yàn láti dúró ti àwọn tirẹ̀ níbẹ̀ ni òkùnkùn náà tó ká.

Òǹkàwé tí ó bá ti fi Duryodhana ṣe òkìtì ìdọ̀tí tí a ń da gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ sí yóò bínú bí Yudhishthira ti bínú ní ọ̀run. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ìwé náà ń fẹ́ nìyẹn. Fún ọ̀pọ̀ ìwé gígùn ni ó ti mú òǹkàwé bá àwọn ọmọ Pandu rìn, tí ó ti jẹ́ kí ó máa rò pé apá rere ni òun wà. Ní ẹsẹ̀ òkè àti ní ẹnu ọ̀nà ọ̀run ni ó wá bi í léèrè ìgbéraga tirẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn yìí, ó dára kí a fi ìbéèrè mìíràn kún èyí tí ó ti mọ́ wa lára. Kí a bi wọ́n pé ta ni ó wà ní gbọ̀ngàn ní ọjọ́ tí a wọ́ Draupadi wọlé, kí wọn ka orúkọ àwọn ènìyàn náà tán. Kí wọn wá sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wí, àti ẹni tí ń bọ́ ẹni tí kò wí nǹkan kan. Bí wọ́n bá dé orí Vikarna, kí wọn dúró díẹ̀.